Àádọ́ta Gíráàmù

Ní ọdún 1971, The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde tí Norman Kretchmer ti Yunifásítì Stanford àti Olikoye Ransome-Kuti ti Yunifásítì Èkó jọ ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìfun àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ta ni ṣúgà inú mílíìkì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní láktóòsì, máa ń dà nínú rẹ̀, ta sì ni kì í dà nínú rẹ̀? Nínú àwọn Fúlàní darandaran, bí ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó dà nínú wọn. Nínú àwọn Yorùbá tí ó ti dàgbà, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Igbo. Ní ọdún yẹn kan náà, Olatunbosun àti Adadevoh n'Íbàdàn kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni ìwé ẹ̀kọ́ kan ti ń gbà á lẹ́nu èkejì pé Yorùbá kò lè mu mílíìkì. Àmọ́ ẹni tí ó bá pa ìwé náà dé, tí ó jáde sí ìgboro Èkó nígbà náà, á bá mílíìkì alágolo nídìí gbogbo onítíì, á bá a nínú ògì àárọ̀, bí ó bá sì gba ọ̀nà Ìlọrin tàbí Ṣakí lọ, á pàdé àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ru igbá wàrà, tí àwọn Yorùbá ń dá wọn dúró rà á.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní àìmọ̀kan ni, pé àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ń da inú wọn rú. Àwọn kan ní àìbìkítà ni, pé wọ́n mọ̀, wọn kò kà á sí. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò yàtọ̀ gédégédé sí ìwọ̀n tí ènìyàn ń mu nílé, ẹni tí ó bá sì fi ti àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ ti èkejì, ojo tàbí aláfojúdi ni yóò máa rí níbi tí ẹlòmíràn ti jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lónìí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé àti àwọn oníṣègùn ń gbìyànjú láti wọ̀n bí àwọn tí oúnjẹ kan kò bá lára mu ṣe ń fojú wo ewu, ìtàn mílíìkì láàrin Yorùbá yẹ kí ó wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kà.

Ẹ jẹ́ ká wo àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní kí ènìyàn má jẹun láti alẹ́ mọ́jú. Láàárọ̀, wọ́n á po láktóòsì lásán mọ́ omi fún un, gíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, títí dé orí gíráàmù 50. Á gbé e mu tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà; bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá gòkè tó bíi mílígíráàmù 20 nínú mílílítà 100, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé láktóòsì kò dà nínú rẹ̀. Kò sí àléébù nínú èyí bí ohun tí a fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ bóyá èròjà tí ń gé ṣúgà yìí, láktéèsì, ṣì pọ̀ nínú ìfun kékeré. Ṣùgbọ́n gíráàmù 50 ni láktóòsì tó wà nínú odidi lítà mílíìkì kan. Agolo mílíìkì kékeré kan kò ní ju bíi gíráàmù 16 lọ, ṣíbí méjì tí onítíì ń dà sínú ife kò sì ní ju bíi gíráàmù 3 lọ. Àfi kí ènìyàn dédé ṣí agolo mẹ́ta, kí ó dà wọ́n sọ́nà ọ̀fun láìjẹ búrẹ́dì, kí ó tó ṣe ohun tí wọ́n ní kí àwọn ará Èkó ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn. Èmi ò tíì gbọ́ ìlú tí wọ́n ti ń mu mílíìkì báyẹn, àfi bóyá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi tẹ́tẹ́ dán ara wọn wò.

Ohun tí àyẹ̀wò náà rí kì í ṣe àrùn. Láktéèsì máa ń pọ̀ nínú ìfun ọmọ ọmú, lẹ́yìn tí ó bá sì ti já lẹ́nu ọmú tán, ó máa ń dín kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, bó ṣe ń dín kù lára ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú. Bí ẹni méjì nínú mẹ́ta àgbàlagbà ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí tiwọn kò dín kù, àwọn ará Yúróòpù àríwá àti àwọn bíi Fúlàní tí wọ́n ti ń fi ẹran ọ̀sìn jẹun láti ayébáyé, àwọn gan-an ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí agbo màlúù ńlá rọ́wọ́ mú. Màlúù kúkúrú tí àrùn eṣinṣin yìí kò tètè pa wà, àmọ́ kì í ṣe fún wàrà ni wọ́n ṣe ń sìn ín. Ọmọ á mu ọmú fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ògì àti ẹ̀kọ ló kàn. Kò sí ohun tí ìfun yóò fi láktéèsì ṣe mọ́. Bí láktóòsì bá wá wọlé lẹ́yìn ìyẹn tí ó sì pọ̀, yóò gba ìfun kékeré kọjá láìdà, yóò fa omi wọ inú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ á sì bá a lò. Inú á máa kùn, á fẹ̀, á ru, ó sì lè di ìgbẹ́ gbuuru. Èyí burú, ó sì ń tini lójú, ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa le tó dúró lórí iye tí a mu, ohun tí a jẹ pẹ̀lú rẹ̀, àti bí a ṣe yára gbé e mì.

Ibí yìí ni wàrà ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Obìnrin Fúlàní á gbé mílíìkì tútù kaná, á gún ewé àti igi bomubomu, á yọ oje rẹ̀, á dà á sí i. Láìpẹ́ mílíìkì náà á dì, omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀. Á bu èyí tó dì sínú agbọ̀n kékeré kí omi tó kù lè ro jáde, agbọ̀n ló sì ń fún wàrà ní ìrísí rẹ̀. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò mọ̀ ọ́n sí wàgàsì. Níbẹ̀ wọ́n tún máa ń fi ewé ọkà bàbà pa á láró pupa. Láktóòsì kì í dì pẹ̀lú wàrà. Inú omi ni ó wà, omi náà ló sì bá lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù sínú ohun tí Yorùbá ń rà lọ sílé láti fi dín tàbí láti fi se ọbẹ̀. Nónò, mílíìkì tí wọ́n jẹ́ kí ó kan, ń gba ọ̀nà mìíràn débi kan náà: kòkòrò tó ń mú un kan ti jẹ lára ṣúgà rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí màlúù Fúlàní ń pèsè, èyí tí Yorùbá sọ di oúnjẹ tirẹ̀ ni èyí tí ó mú wàhálà kéré jù lọ bá ìfun rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní mò ń fún ọjà ní ọgbọ́n tí kò ní. Pé mílíìkì tútù ń bàjẹ́ kíákíá nínú oòrùn ni ó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di wàrà, kò kan inú rírun. Mo gbà pé bíbàjẹ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìdí tó tóbi jù fún ẹni tó ń tà. Ẹni tó ń rà náà ní ìdí tirẹ̀. Àṣà kan lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá mọ orúkọ láktóòsì kí ó tó mọ èyí tó bá a lára mu. Ohun tí a lè sọ láìṣiyèméjì ni pé àwọn ènìyàn kan tí àyẹ̀wò sọ pé mílíìkì kò dà nínú wọn ti ń jẹ ohun tí a fi mílíìkì ṣe tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n àti ní ìrísí tí kò mú wọn sá lọ sẹ́yìnkùlé.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Ní 1965 àti 1966, àwọn oníṣègùn ní Baltimore fi hàn pé nínú àwọn ọkùnrin dúdú tí ara wọn le, bíi méje nínú mẹ́wàá ni láktóòsì kò dà nínú wọn, nígbà tí ti àwọn funfun kéré gan-an. Kí wọ́n tó ṣe ìwádìí yìí, mílíìkì oníyẹ̀fun ti ń ti Amẹ́ríkà lọ káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ oúnjẹ, pàápàá lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1954, àwọn tí kò bá sì mu ún ni wọ́n ń sọ pé wọn kò mọ ohun tó dára. Ìjọba Amẹ́ríkà alára ṣì dìde ní 1974 tako àwọn olùpèsè mílíìkì ní California nítorí ìpolówó kan tó ń sọ pé kò sí ara tí kò nílò mílíìkì. Inú mi dùn sí ẹjọ́ yẹn, àmọ́ ẹ wò ó bí òṣùwọ̀n ṣe fò láti òpin kan sí òpin kejì. Lánàá, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ mu ún; lónìí, àwọn ìran kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sẹ́ni tó béèrè pé ṣíbí mélòó.

Ìgbà tí wọ́n wá béèrè, èsì rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ní 1995, Suarez, Savaiano àti Levitt ní Minnesota wá ọgbọ̀n ènìyàn tí wọ́n fúnra wọn sọ pé mílíìkì ń bá àwọn jà burúkú. Àyẹ̀wò fi hàn pé láktóòsì ń dà nínú mẹ́sàn-án lára wọn. Nínú àwọn mọ́kànlélógún tó kù ni kò ti dà. Wọ́n fún gbogbo wọn ní ife mílíìkì kan, mílílítà 240, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan; ní ọ̀sẹ̀ kan mìíràn wọ́n fún wọn ní mílíìkì tí wọ́n ti gé láktóòsì inú rẹ̀. Wọ́n fi adùn bo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, débi pé ẹni tó ń mu ún kò mọ èyí tí ó jẹ́, ẹni tó ń gbé e fún un náà kò mọ̀. Wàhálà inú kò tó nǹkan nínú ọ̀sẹ̀ méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàrin wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ á sọ pé èyí ti fọ́ ọ̀rọ̀ mi: ẹ̀rù lásán ló ń ba àwọn ènìyàn yìí, ìwà wọn sí ewu kò bá ọgbọ́n mu. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mílíìkì ti ṣe wọ́n ní ṣùtá rí, kò sẹ́ni tó bá wọn wọ̀n ọ́n. Wọn kò mọ̀ bóyá ife kan ni tàbí mẹ́ta, bóyá oúnjẹ wà nínú wọn tàbí inú wọn ṣófo. Bí ènìyàn kò bá mọ ìwọ̀n, kí ó yẹra pátápátá ni ó rọrùn jù. Bákan náà, ohun tí ó máa pàdánù bí ó bá yẹra kéré. Ẹni tí ó bá fi mílíìkì sílẹ̀ láàárọ̀ kò pàdánù ju adùn tíì lọ. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dédé yí padà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland l'Ékòó, láàrin èrò tí wọ́n fún mọ́ra wọn nínú ọkọ̀, ohun tó máa pàdánù kò ṣeé fẹnu sọ. Bí òṣìṣẹ́ báǹkì kan bá mu ife mílíìkì nílé lọ́jọ́ Sátidé tí ó sì kọ̀ ọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìwà rẹ̀ kò yí padà rárá. Ibi tí ó wà ló yí padà.

Kókó yìí ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀n ìwà ènìyàn sí ewu. Ọ̀nà tí ó lókìkí jù láàrin wọn ni ti Holt àti Laury, tí wọ́n kọ jáde ní 2002. Wọ́n á gbé tẹ́tẹ́ méjì-méjì síwájú ènìyàn nígbà mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn kò léwu púpọ̀: dọ́là 2 tàbí dọ́là 1.60. Èkejì lè mówó wá, ó sì lè jáni kulẹ̀: dọ́là 3.85 tàbí sẹ́ǹtì 10. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, iye owó kò yí padà, àmọ́ àǹfààní láti jẹ owó tó pọ̀ jù ń ga sí i, ìlà tí ènìyàn bá sì ti fi tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rù ewu tó. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn kò bá rí gbà nínú eré kì í mú kí inú rẹ̀ kùn. Dohmen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, lo ìdáhùn bí ẹgbàá mọ́kànlá ènìyàn ní Jámánì, tí wọ́n bi léèrè ní 2004 láti fi ara wọn sórí òṣùwọ̀n 0 sí 10: lápapọ̀, lẹ́yìn náà nínú wíwa ọkọ̀, nínú ọ̀rọ̀ owó, nínú iṣẹ́, nínú ìlera. Ìdáhùn wọn jọra dé àyè kan, wọn kò sì rí bákan náà. Ẹni tó ń sáré lórí títì lè máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Èmi á fi kún un pé nínú oúnjẹ, “ìlera” fúnra rẹ̀ ṣì fẹ̀ jù gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè. Kí wọ́n sọ iye, kí wọ́n sọ ohun tí a fi jẹ ẹ́, kí wọ́n sọ ibi tí ẹni náà ń lọ lẹ́yìn oúnjẹ.

Àtakò kan wà tó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Mílíìkì tí kò dà kì í pani, àmọ́ àlẹ́jì ń pani. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Richet àti Portier, kéde èsì ìwádìí wọn lórí irú èyí ní 1902, ohun tí wọ́n rí ni pé ajá tí ó ti fara da oró ẹranko òkun kan lẹ́ẹ̀kan lè kú kíákíá nígbà tí wọ́n bá tún fún un ní ìwọ̀n tí kò yẹ kí ó pa á. Níbí, ìwọ̀n kò ṣeé gbára lé bíi ti láktóòsì. Ọmọ tí ẹ̀pà ń fún ní ọ̀fun kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ṣíbí kékeré dán wò nílé. Mo gba èyí láìjanpata. Síbẹ̀, ẹ wo ìtàn ẹ̀pà fúnra rẹ̀. Ní 1998, àwọn olùdámọ̀ràn ìjọba Bìrìtìkó ní kí ìdílé tí àlẹ́jì wà nínú wọn má fún ọmọ ní ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní 2008, Du Toit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Júù ní Bìrìtìkó wé àwọn ọmọ Júù ní Ísírẹ́lì, níbi tí ìkókó ti ń jẹ ìpápánu ẹ̀pà kan tí wọ́n ń pè ní Bamba: ìdá 1.85 nínú ọgọ́rùn-ún ni àlẹ́jì ẹ̀pà mú ní Bìrìtìkó, ìdá 0.17 ní Ísírẹ́lì. Wọ́n fa ìmọ̀ràn 1998 náà sẹ́yìn ní 2009. Ní 2015, ìwádìí LEAP pín ìkókó 640 tí àlẹ́jì ń wọ̀nà fún sí ọ̀nà méjì, lábẹ́ ojú dókítà. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, àlẹ́jì ẹ̀pà wà lára ìdá 17.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n pa ẹ̀pà mọ́ fún, àti lára ìdá 3.2 péré nínú àwọn tí wọ́n ń fún jẹ. Ìyá tó fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀pà ní 1998, wọ́n á pè é ní aláìbìkítà. Bí ó bá ṣe ohun kan náà ní 2016, wọ́n á yìn ín pé ó ń tẹ̀ lé dókítà. Ìwà obìnrin náà sí ewu kò yí padà.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára páálí bísíkíìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀pà lè wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sọ iye. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ sára èyí tí eruku ẹ̀pà kàn lè fẹ́ sí àti sára èyí tí ẹ̀pà ti gba ẹ̀rọ kan náà kọjá. Ẹni tó bá rí i lára gbogbo páálí tó wà lórí àtẹ á dẹ́kun kíkà á, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìwádìí pé àwọn alálẹ́jì kò ka ewu sí. Àwọn ará Ọsirélíà àti New Zealand gbìyànjú àtúnṣe láti 2007 pẹ̀lú ètò VITAL, tó so ìkìlọ̀ mọ́ ìwọ̀n tí a lè wọ̀n. Ó yẹ kí àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n tún lè bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi jẹ̀díjẹ̀dí ṣe. Ó dájú pé Yorùbá kì í dárúkọ láktóòsì. Ohun dídùn ni wọ́n ń dá lẹ́bi, ṣúgà, mílíìkì, bọ́tà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sínú àpò kan, wọ́n sì ń mu àgbo sí i. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí kó ọ̀pọ̀ ohun pọ̀ tí kò bára tan, àgbo kan kò sì lè mú láktéèsì padà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó ń bá a rìn, pé kí ènìyàn má ṣe jẹ ohun dídùn jù, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, ó sì sún mọ́ òótọ́ ju “má fẹnu kàn án” lọ. Fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, ó tún sún mọ́ ọn sí i, torí pé gbuuru fúnra rẹ̀ máa ń bó láktéèsì kúrò lára ìfun fún ìgbà díẹ̀. Ìyá tó dá mílíìkì màlúù dúró nígbà náà kò ṣìṣe, bí ó bá ṣáà ti ń fún ọmọ lọ́mú. Bóyá ìdí nìyí tí Ransome-Kuti, ẹni tó kó láktóòsì wọ yàrá àyẹ̀wò l'Ékòó, fi jẹ́ ẹni kan náà tó wá gbé omi iyọ̀ àti ṣúgà lárugẹ fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, nígbà tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985.

Ransome-Kuti kú ní 2003. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, àwọn onímọ̀ tí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ sọ ohun tí kò sí nínú gbólóhùn ìwé ẹ̀kọ́: pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí láktóòsì kò dà nínú wọn lè mu bíi gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, tàbí kí ó má ju díẹ̀ lọ. Gíráàmù 12 yẹn kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n gbé fún àwọn ará Èkó mu láàárọ̀ ìdánwò wọn, ó sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí onítíì ń dà sínú ife.